Ọ̀gá ń bú mi lójú gbogbo èèyàn láàárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́

Àjọkẹ́_Òkèfíà (Sátidé)

Ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i, ṣùgbọ́n èyí tó délẹ̀ yìí ti ju ohun tí mo lè dá gbé mì lọ.

Ẹni ọdún 29 ni mí. Ilé iṣẹ́ kan tó ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó ni mo wà ní Òṣogbo níbí, mo ti lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń lọ gba owó ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ní Ọjà Ọba àti Orísunbáre, èmi náà ni mo ń wá àwọn tuntun tó fẹ́ yáwó. Inú oòrùn ni iṣẹ́ yẹn, ẹsẹ̀ la fi ń ṣe é, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Oṣù kẹta ni wọ́n gbé máníjà tuntun wá fún wa. Láti ìgbà náà, ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹni tí owó tó gbà wálé kò bá pé gbọ́dọ̀ dìde dúró nínú ìpàdé, kò sì ní jókòó títí ìpàdé á fi tú. Ó máa ń pe orúkọ ẹni, á pe iye tó kù, á wá bẹ̀rẹ̀ èébú. Mo gbà pé owó tèmi kì í pé nígbà mìíràn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àwọn oníbàárà bíi mẹ́rin ti jókòó síta, ohun tó sọ sí mi ni pé: "Ta ló fún ọ níwèé ẹ̀rí? Àbí ìyá rẹ ló bá ọ rà á?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kọ ni ìyá mi ń tà. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí, ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ẹ̀kọ rán mi ní yunifásítì. Ìgbà tó dárúkọ ìyá mi ni omijé bọ́ lójú mi níwájú gbogbo wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ya fọ́tò mi níbi tí mo ti ń sunkún, ó sọ ọ́ di sítíkà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ní òun kò rí owó gbà báyìí, ojú mi ni wọ́n fi ń dá a lóhùn lórí WhatsApp ibi iṣẹ́. Máníjà fúnra rẹ̀ ti fi ẹ̀rín sí i.

Láti ọjọ́ náà, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní Sọ́ńdè, inú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dà rú. Mọ́ńdè tó kọjá, mo ní kí ọlọ́kadà gbé mi kọjá ibi iṣẹ́, mo lọ dúró ní Old Garage fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí n tó lè padà. Wọ́n tún yọ ₦18,500 nínú owó oṣù mi nítorí oníbàárà kan tó kó kúrò nílùú. Èmi ni mo ń san owó iléèwé àbúrò mi ọkùnrin, n kò lè ṣàdédé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé kí n máa fèsì ni, àbí kí n máa gbé e mì?

Ọmọ_Sábó (Sátidé)

Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ lónìí. Ẹni tó lè fẹnu kan ìyá ẹni lójú oníbàárà, kò sí ohun tí kò lè ṣe. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Tó bá jẹ́ èmi, wọn kò ní rí mi níbẹ̀ ní Mọ́ńdè.

Bàbá_Arẹ̀mú (Sátidé)

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ó dùn mí wọra.

Ọmọ_Sábó, rọra. Ọmọ yìí ti sọ fún wa pé òun ń tọ́ àbúrò. Bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí láìrí òmíràn, ta ni yóò bá a san owó iléèwé?

Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba, Abẹ́rẹ́, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ní àárín ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀gá mi kan ju fáìlì mọ́ mi lẹ́sẹ̀ níwájú àwọn mẹ́sẹ́ńjà, ó ní kí n ṣà á. Mo dá a lóhùn níbẹ̀, ohùn mi sì ròkè. Kí a tó pa ọ́fíìsì dé lọ́jọ́ náà, kúẹ́rì ti wà lórí tábìlì mi pé mo hùwà àfojúdi sí ọ̀gá. Ẹ gbọ́ mi o, kò sẹ́ni tó tún bèèrè ọ̀rọ̀ fáìlì tó jù. Èsì tí mo fọ̀ ni ẹjọ́. Ọdún méjì ni ìgbéga mi fi dúró nítorí rẹ̀. Ohun tí o bá sọ láwùjọ ni wọ́n máa kọ sílẹ̀, èyí tí ọ̀gá sọ kò ní dé inú ìwé.

Nítorí náà, nínú ìpàdé, gbólóhùn kan péré: "Mo ti gbọ́, sà. N ó wá rí yín lẹ́yìn ìpàdé." Kí o pa ẹnu dé. Má lọ rí i lọ́jọ́ náà, inú yín méjèèjì ṣì gbóná. Jẹ́ kó di Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè, nígbà tí àwọn èèyàn bá ti ń lọ sílé. Kí i dáadáa, kí o wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe dùn ọ́ àti ohun tí o fẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí mo bá ṣẹ̀, ẹ pè mí wọlé kí ẹ bá mi wí. Ọ̀rọ̀ ìyá mi tí ẹ sọ lójú àwọn oníbàárà dùn mí púpọ̀." Má fi kún un pé gbogbo wa lọ́fíìsì là ń sọ ọ́, torí á bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn "gbogbo wa" yẹn kiri.

Tíṣà_Alékúwodò (Sátidé)

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n irú ìmọ̀ràn yẹn gan-an ló fẹ́ẹ̀ bà mí láyé jẹ́.

Iléèwé aládàáni ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà náà. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi pẹ́ lọ́jọ́ kan, ìyá tó ni iléèwé ní kí n kúnlẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ti ń tò láàárọ̀. Àwọn ọmọ JSS 1 tí mo ń kọ́ ni ìṣirò ń wò mí lórí ìkúnlẹ̀. Àgbà kan ní kí n lọ bá a ní kọ̀rọ̀, mo lọ. Ó gbọ́ mi tán, ó ní òun ti gbọ́. Ní ọjọ́ kejì, níwájú gbogbo olùkọ́, ó ní: "Ẹnì kan wá bá mi lálẹ́ àná pé kí n máa kí òun tí mo bá fẹ́ bá òun wí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, inú mi sì tún bàjẹ́ ju ti ìkúnlẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kò sí ẹlẹ́rìí nínú yàrá yẹn. Ó lè yí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wù ú, ó sì yí i. Àjọkẹ́, tí o bá máa lọ, lọ, ṣùgbọ́n kí o tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, fi àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ ṣé sà tí ẹ fún mi láyè lónìí. Mo dúpẹ́ pé a sọ ọ́ pé tí mo bá ṣe àṣìṣe, ẹ máa pè mí sí ọ̀tọ̀." Bó bá dáhùn, ó ti di ìwé. Bí kò bá dáhùn, ó ti di ìwé náà.

Èkejì, ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan tí kò ní kúrò nílé. Alẹ́ ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ ni kí o kọ ọ́: déètì, aago, àwọn tó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde. Má kọ pé "ó bú mi", kọ èébú náà. Lọ́sẹ̀ kejì o kò ní rántí rẹ̀ bó ṣe rí mọ́, ọkàn rẹ á ti fi kún un tàbí kó yọ díẹ̀ kúrò.

Ẹ̀kẹta, wádìí bí ó ṣe ń ṣe ní ẹ̀ka tó ti wá. Ẹni tó bá ti ń ṣe é níbòmíràn kò ní torí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan yí padà. Èmi lo sáà kan gbáko kí n tó rí iléèwé mìíràn. Mo ń kọ̀wé wáṣẹ́ lálaalẹ́ Fúráìdé, mo sì ń lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè bí ẹni tí kò ní ohun kan lọ́kàn. Ọjọ́ tí mo rí òmíràn ni mo tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Bàbá_Arẹ̀mú (Sátidé)

Tíṣà, mo gba ti àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tiwa kò sí fóònù, ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́n nínú wa máa ń kọ mẹ́mò. Èmi kò kọ.

Adìsá_Òkinní (Sọ́ńdè)

Mo ti kọ èsì yìí tí mo tún pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí èmi gan-an ni irú máníjà tí ẹ ń sọ yìí.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ́ olórí ẹ̀ka fún ilé iṣẹ́ ayánilówó kan ní ìlú mìíràn. Aago méje àárọ̀ Mọ́ńdè ni àwọn ọ̀gá wa ní olú ilé iṣẹ́ máa ń pe gbogbo àwa máníjà pọ̀ lórí fóònù. Wọ́n á ka ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan àti owó tó há síta. Bí ti ẹ̀ka rẹ bá pọ̀, gbogbo máníjà yòókù á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ́ wọ́lẹ̀. Bí aago mẹ́jọ bá fi lù, tí mo bá wọ inú ìpàdé tèmi, iná ló wà lẹ́nu mi. Mo gbàgbọ́ nígbà yẹn pé ojútì ló ń mú èèyàn ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo padà rí nìyí. Àwọn tí mo ń dójú tì kò gba owó wálé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irọ́ ni wọ́n kọ́. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé oníbàárà ti san nígbà tí kò tíì san. Àwọn kan ń yáwó lọ́wọ́ alájọ láti fi dí ihò, kí n má baà ní kí wọ́n dìde. Owó orí ìwé pọ̀, èyí tó wà nínú àpótí kò tó nǹkan, nígbà tí àyẹ̀wò owó dé, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ lé. N kò bínú sí wọn. Èmi ni mo kọ́ wọn ní irọ́.

Àjọkẹ́, ohun kan tí mo lè sọ fún ọ láti ìhà kejì tábìlì: àwọn tí n kì í pariwo mọ́ ni àwọn tí àlàyé wọn ti dé ọwọ́ mi kó tó di Mọ́ńdè. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé: orúkọ àwọn tí kò san, ìdí tí wọn kò fi san, ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn máa san. Nítorí rẹ̀, mo ní ohun tí mo lè sọ fún àwọn ọ̀gá tèmi. Ìbẹ̀rù ló ń pariwo lẹ́nu mi, ìwé yẹn sì ń dín in kù. Gbìyànjú rẹ̀.

Ọmọ_Sábó (Sọ́ńdè)

Ẹ̀gbọ́n Adìsá, ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹ tún ti gbé iṣẹ́ náà padà sí ọrùn ẹni tí wọ́n ń bú. Ṣé òun ni yóò máa tọ́jú ìbẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀?

Adìsá_Òkinní (Sọ́ńdè)

Kì í ṣe ojúṣe rẹ̀, òótọ́ lo sọ. Èmi ni mo jẹ̀bi, n kò gbé e lé ẹlòmíràn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n Mọ́ńdè ń bọ̀ lọ́la, máníjà yẹn kò sì tíì ka ohun tí à ń kọ níbí. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ṣe ni mo ń sọ.

Ìyá_Ẹlẹ́pò (Sọ́ńdè)

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń sọ ọ́. Epo ni mo ń tà ní Orísunbáre, mo sì ti yáwó lọ́dọ̀ irú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọ̀gá kan ti tẹ̀lé ọmọbìnrin tó ń gba owó lọ́wọ́ wa wá sí ọjà rí. Níwájú ìsọ̀ mi ló ti là á mọ́lẹ̀ pé òmùgọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n lọ tán, a sọ ọ̀rọ̀ náà káàkiri ìsọ̀ wa. Kò sí ẹnì kankan tó ní ọmọ náà gọ̀. Ohun tí gbogbo wa ń sọ ni pé ọ̀gá yẹn kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ọmọ mi, àwọn mẹ́rin tó jókòó síta lọ́jọ́ náà, máníjà rẹ ni ojú tì lójú wọn. Kì í ṣe ìwọ. Mo fẹ́ kí o gba èyí gbọ́ torí èmi náà ti jókòó níbi tí wọ́n jókòó sí.

Ṣùgbọ́n màá sọ èyí tó kù, kí o má bínú. Ẹ̀yin náà máa ń ṣe é fún wa. Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa kò bá rí owó san, ẹ máa ń dá gbogbo wa dúró sínú oòrùn, ọjà wa á sì wà ní títì. Ní ọdún 2023 nígbà tí owó ńáírà ṣọ̀wọ́n, tí kò sí owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí bánkì kò fún wa ní owó wa, ọmọkùnrin kan tó ń gba owó dúró sí iwájú kẹ́ẹ̀gì mi, ó ń ké pé "Màmá, ẹ san gbèsè yín" lójú oníbàárà mi. Oníbàárà yẹn kò padà wá mọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Mo kàn mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ju ọ̀rọ̀ sí yín láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọ̀dọ̀ tiwa ló máa ń balẹ̀ sí lọ́jọ́ Túsìdeè.

Àjọkẹ́_Òkèfíà (Mọ́ńdè, òru)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣé, ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Ẹlẹ́pò, n kò lè sùn lórí ọ̀rọ̀ yín. Mo ti ṣe é, mà. Oṣù tó kọjá, mo pariwo mọ́ màmá kan tó ń ta ata ní Ọjà Ọba. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn, ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, mo sì mọ̀. Ẹ̀rù Mọ́ńdè ló ń bà mí. N ó lọ bá a lọ́la.

Tíṣà, mo bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kan ní ẹ̀ka tó ti wá. Ó ní èèyàn mẹ́ta ló fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀ níbẹ̀.

Mo fẹ́ bèèrè: ṣé òfin kankan wà fún irú èyí? Ọ̀rẹ́ mi kan ní òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni òfin ń dáàbò bò, pé ilé iṣẹ́ aládàáni lè ṣe ohun tó bá wù ú. Ṣé ó sì tọ́ kí n yọ ara mi kúrò nínú WhatsApp wọn?

Agbẹjọ́rò_Kan (Túsìdeè)

Ọ̀rẹ́ rẹ kò tọ̀nà. Má sì tíì yọ ara rẹ kúrò níbẹ̀.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí owó, nítorí ibẹ̀ ni òfin ti mọ́lẹ̀ jù. Òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, Labour Act, kan àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ aládàáni. Abala 5 rẹ̀ kò fàyè gba agbanisíṣẹ́ láti yọ owó oṣù nítorí àdánù, àfi tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé ó fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí i. Pé oníbàárà kó kúrò nílùú, ìyẹn nìkan kò tó. Bí wọ́n bá ní òfin yìí kò kan irú iṣẹ́ rẹ, nítorí kò kan àwọn tó wà nípò alábòójútó tàbí iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú, ìwé tí o fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gbà ọ́ la máa yẹ̀ wò. Kọ lẹ́tà sí wọn, bèèrè ìdí tí wọ́n fi yọ ₦18,500 àti ìwé tí wọ́n gbé e lé. Tọ́jú ẹ̀dà tìrẹ. Bí wọn kò bá dáhùn, gbé e lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Òṣogbo níbí.

Ní ti ẹ̀sín, abala 34 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sọ pé ọmọ èèyàn ní iyì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ hùwà àbùkù sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, ṣe àdéhùn kan ní ọdún 2019 tí wọ́n ń pè ní Àdéhùn 190, lórí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu lẹ́nu iṣẹ́. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ó ka ìyọlẹ́nu orí fóònù tó bá ti ibi iṣẹ́ wá mọ́ ọn, nítorí náà sítíkà yẹn wà nínú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni National Industrial Court, ó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn.

Mi ò ní tàn ọ́ o. Ẹjọ́ máa ń pẹ́, ó sì ń náni lówó. Èébú ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà tó gbé lọ sílé ẹjọ́. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó ní déètì àti ẹlẹ́rìí ni adájọ́ máa ń wò. Torí náà, ìwé àkọsílẹ̀ tí Tíṣà sọ yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ní ti WhatsApp, ya àwòrán ojú fóònù rẹ níbi tí nọ́ńbà ẹni tó fi í ránṣẹ́ àti déètì ti hàn, kó gbogbo ìjíròrò náà pamọ́ sínú ímeèlì rẹ, má sì ta fóònù náà tàbí kí o pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀. Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní ohun tó ń béèrè kí ilé ẹjọ́ tó gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Kó o pamọ́ tán kí o tó ní kí wọ́n yọ sítíkà.

Tó bá wá di pé o fẹ́ lọ, ẹni tó ti lo ọdún méjì ṣùgbọ́n tí kò tíì pé márùn-ún gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìfitónilétí ọ̀sẹ̀ méjì, àfi tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ bá sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí o sì má kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé "nítorí ìdí ara mi" tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí gbólóhùn yẹn ti ilẹ̀kùn mọ́. Bí owó agbẹjọ́rò bá sì nira, Legal Aid Council wà fún àwọn tí owó wọn kò tó.

Bàbá_Arẹ̀mú (Túsìdeè)

Lọ́yà, mo gbọ́. Àmọ́ Òṣogbo kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò gba ẹni tó pe ilé iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́?

Agbẹjọ́rò_Kan (Túsìdeè)

Ìbẹ̀rù yẹn tọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kì í ṣe ti ilé ẹjọ́ nìkan. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí mo bá wọn yanjú, lẹ́tà kan tó ní déètì mẹ́wàá nínú ló parí rẹ̀, a kò rí adájọ́ rárá.

Nọ́ọ̀sì_Ayétòrò (Wẹ́sìdeè)

Ọmọ_Sábó, jọ̀ọ́, bá mi mú òwe yẹn kúrò. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí oorun sùn, tí inú rẹ̀ ń rú, kì í ṣe ẹni tí a ń sọ fún pé ikú sàn ju ohunkóhun lọ. Mo ti rí ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe lọ́kàn èèyàn ní òru.

Àjọkẹ́, inú rírú, àìsùn, kí èèyàn máa bẹ̀rù ibi kan débi pé á ní kí ọkadà gbé òun kọjá, ara ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn UNIOSUN, ti yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbí ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọkàn, kì í ṣe wèrè ni wọ́n ń tọ́jú nìkan. Bí ó bá sì ṣe ọ́ rí bíi pé kí o má jí mọ́, sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà gan-an, má dúró di ọjọ́ kejì.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, jẹun kí o tó jáde. Bí wọ́n bá ní kí o dìde, tẹ ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì mọ́lẹ̀ dáadáa, mí sínú, kí èémí tí o máa mí síta gùn ju èyí tí o mí sínú lọ. Omijé kì í tètè dé bẹ́ẹ̀. Ṣé ìyá rẹ ti gbọ́?

Ọmọ_Sábó (Wẹ́sìdeè)

Mo kó òwe yẹn jẹ, mà. Àbúrò, má bínú sí mi. N kò ronú dé ibẹ̀.

Ẹni_tó_rẹ́rìn-ín (Tọ́sìdeè)

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹlẹgbẹ́. Èmi ni mo máa ń rẹ́rìn-ín jù ní ibi iṣẹ́ mi àtijọ́. Bí ọ̀gá bá ti ń bú ẹlòmíràn, ara máa ń tù mí pé kì í ṣe èmi lónìí, ìtura yẹn ló máa ń di ẹ̀rín. Mo tún rò pé bí mo bá bá ọ̀gá rẹ́rìn-ín, kò ní kàn mí.

Ẹnì kan ló gbà mí. Kò bá mi jà. Ó bá mi nídìí omi tí a ń bù mu, èmi àti òun nìkan, ó ní: "Mo rí ọ lánàá nígbà tí o ń rẹ́rìn-ín. Tìẹ dùn mí ju ti ọ̀gá lọ." Ó lọ. Mo jókòó síbẹ̀ títí omi fi kún ife tó ń dà sílẹ̀.

Má bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ pọ̀, wọ́n á tún fi rẹ́rìn-ín ni. Mú ẹni tó ṣe sítíkà yẹn ní òun nìkan.

Àjọkẹ́_Òkèfíà (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Mo ní kí n padà wá sọ bó ṣe ń lọ.

Mo lọ bá màmá aláta. Ó wò mí títí, ó ní kí n jókòó, kò sọ nǹkan mìíràn. Ọmọ rẹ̀ ti kúrò nílé ìwòsàn. Mo ti san ọ̀sẹ̀ kan fún un láti inú owó mi. Ẹ̀gbọ́n Adìsá, mo mọ ohun tí ẹ sọ nípa ìyẹn, n kò ní ṣe é mọ́.

Mo kó gbogbo WhatsApp pamọ́ kí n tó bá ẹni tó ṣe sítíkà sọ̀rọ̀. Ẹ̀bá ibi tí a ń gbé ọkadà sí ni mo ti bá a. Mo ní, "Ìyá mi ni mo ń sunkún lé lórí lọ́jọ́ náà." Kò wo ojú mi. Alẹ́ ọjọ́ náà ló ní kí àwọn tó ti fi pamọ́ bá òun pa á rẹ́. Ẹni méjì ṣì ń lò ó.

Mo rí máníjà ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, mo sọ ọ́ bí Bàbá Arẹ̀mú ṣe kọ́ mi. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "Kò yẹ kí n ti dárúkọ ìyá rẹ." Ó parí síbẹ̀. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ bí Tíṣà ṣe wí, ó kà á, kò dáhùn. Ìwé Fúráìdé ti ń lọ déédéé. Mọ́ńdè méjì rèé tí kò tíì ní kí n dìde, ṣùgbọ́n ó ṣì ń mú àwọn mìíràn dìde. Ọmọkùnrin tuntun kan ló kàn ní Mọ́ńdè yìí. N kò lè sọ ohunkóhun nínú ìpàdé, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Lẹ́yìn tó tú, mo lọ sídìí tábìlì rẹ̀, mo fi bí a ṣe ń kọ ìwé Fúráìdé hàn án.

Wọn kò tíì fèsì lẹ́tà mi lórí ₦18,500. Ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ ló kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti kọ̀wé wáṣẹ́ sí ibi méjì. Nọ́ọ̀sì, mo ti ń sùn díẹ̀, mo sì ti gba ọjọ́ tí n ó rí dókítà.

Mo sọ fún ìyá mi. Mo rò pé á sunkún. Ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ máníjà sọ bó ṣe sọ ọ́, ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó kúkú mọ ẹni tó rà á." Ó padà sídìí ẹ̀kọ rẹ̀.

Ìyá_Ẹlẹ́pò (ọjọ́ kan náà)

Ọmọ mi, o ṣé tí o lọ bá aláta. Bá mi kí ìyá rẹ. Sọ fún un pé ẹlẹ́pò kan ní Orísunbáre ló ní kí n kí i.

Agbẹjọ́rò_Kan (ọjọ́ kan náà)

Tí o bá ń lọ sí ọ́fíìsì òṣìṣẹ́, mú ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé owó oṣù ṣáájú kí wọ́n tó yọ ọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà tí o kọ sí wọn. Ẹ̀dà méjì méjì. Àárọ̀ kùtù ni kí o lọ.